Ọwọ́ Tí Mo Ní Kí Ọmọ Náà Jókòó Lé

Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo ní ọkọ̀ ojú omi tàbí mi ò ní. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi méjèèjì jókòó sí pèpéle, wọ́n ń fi fóònù hàn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbádùn ọlidé lọ́hùn-ún ní Kánádà tí wọ́n ti wá. Wọ́n ta aṣọ ńlá sórí ọkọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lọ, wọ́n jókòó pẹ̀lẹ́ bí ọba. Wọ́n ní ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí bákan. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀hún ni gbogbo nǹkan tó dára máa ń wà? Ni mo bá la ẹnu, mo ní, "Ṣé torí èyí lẹ ṣe ń pariwo? Mo ní irú ẹ̀ níbí."

Ìyàwó mi tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè. "Níbo, Bàbá?"

"Ní Èrúwà níbí náà."

"Háà! Ẹ kú irọ́ o," ló wí, ó sì ń bó ẹ̀gúsí ẹ̀ lọ.

Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Káfíńtà ni mí, kó tó di pé ojú mi ò rí ìlà tí mo bá fà sára pákó dáadáa mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń pẹja lórí omi dáàmù tó wà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ ẹ̀ ń jò, èmi ni mo bá a tún un ṣe, láti ìgbà náà la ti jọ ń lò ó. Òun náà ti rin ìrìn àjò, ó ní kí n máa bá òun fojú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọlọ́kọ̀. Àwọn ọmọ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbé e mì padà. Mo gé ọ̀pá kan, mo kàn án mọ́ àárín ọkọ̀. Mo mú tapólì tí mo máa ń fi bo pákó nígbà òjò, ìyàwó mi bá mi rán etí ẹ̀, mo so ó mọ́ ọ̀pá náà. Ìgbòkun dé nìyẹn.

Àbíkẹ́yìn mi ló bí àwọn ọmọ náà. Obìnrin ni àgbà, ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin ni àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́fà, oníjàngbọ̀n tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ìyá wọn kó wọn sọ́dọ̀ wa kó tó lọ kí àwọn ará ọkọ ẹ̀ n'Ìbàdàn. Ọjọ́ tó ń lọ, ó pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òsì ni ọmọbìnrin yìí ń lò. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó di wàhálà."

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbọ́, ọ̀tọ̀ ni kó gbà.

Mi ò bá má tiẹ̀ dá sí i, ká ní ọ̀rẹ́ mi mìíràn tó jù mí lọ ò gun ọ̀kadà wá láti Lánlátẹ̀ wá kí mi. Mo ní kí ọmọ náà bu omi wá fún àlejò. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, inú ẹ̀ ń dùn pé a rán òun níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó mi ṣe kọ́ ọ. Ó wá na ife sí bàbá náà pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Bàbá náà ò gbà á. Ó wo ife, ó wo ọmọ, ó wá wo èmi. Ó ní, "Káfíńtà, ṣé inú ilé tìẹ náà ni wọ́n ti ń fi òsì gbé omi fún àlejò báyìí?" Ó fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà gún mi lára. Èmi tí mo máa ń pe ọmọ ọlọ́mọ jókòó láàárín àdúgbò tí màá ní wọn ò lẹ́kọ̀ọ́! Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń gbọ̀n nínú ife. Kò mọ nǹkan tí òun ṣe. Mo fọwọ́ ara mi gba ife náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, mo ní kó tún un gbé. Ìgbà yẹn ni àlejò wá gbà á, ó sì ṣàdúrà fún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà karí. Mi ò nà án o, kí ẹ má rò pé ìkà ni mí. Tó bá fi òsì gbé nǹkan fún mi, màá kàn gbójú sókè, màá máa wo àjà bíi pé alángbá ń jà níbẹ̀, títí tó fi máa pààrọ̀ ọwọ́. Tó bá gbàgbé nídìí oúnjẹ, màá ní, "Ó yá, jókòó lé e." Yóò ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan, yóò jókòó lé e, yóò wá máa fi ọ̀tún wá ìrẹsì kiri inú àwo. Àbúrò ẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Òun náà máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú. Mo ní nílé kéwú tí èmi lọ, ọ̀tún ni wọ́n ní ká fi jẹun, ọ̀tún ni wọ́n ní ká fi gba nǹkan. Mo ní àwọn bàbá wa sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo ní ẹni tó bá na òsì sí èèyàn, bí ìgbà tó bú onítọ̀hún ni.

Ó rò ó díẹ̀. Yorùbá ẹnu ẹ̀ ò yá, àmọ́ ó máa ń sọ ọ́ fún mi nítorí ó mọ̀ pé ó máa ń dùn mọ́ mi. Ó ní, "Tó bá jẹ́ àgbà ni?"

Mo ní, "Àtàgbà àtọmọdé."

"Àbúrò mi ńkọ́?"

"Àbúrò rẹ náà. Èèyàn kọ́ ni?"

Ó mi orí pé ó ti yé òun. Ọmọ tó jẹ́ pé tí o bá sọ nǹkan fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ ibi tó yẹ kó wọ̀ nìyẹn. Ká ní olóríkunkun bí àbúrò ẹ̀ ni, ì bá ti dára fún gbogbo wa.

Ìyàwó mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìyá ẹ̀ bẹ̀ yín. Wọ́n ní bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ rí òsì sójú rárá." Mo ní kó máa bá ẹ̀gúsí ẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí obìnrin yẹn sọ lọ́jọ́ náà tí kì í ṣe òótọ́, ìdí tí inú fi bí mi nìyẹn.

Ọjọ́ ọkọ̀ wá pé. Oṣù Ògún ni, òjò ti sinmi díẹ̀, oòrùn ò sì le. A kó ara wa sínú Márúwá, ìyàwó mi gbé àgbàdo tútù àti àgbọn, mo di tapólì mú sáàárín ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ẹni tó bá kí wa lójú ọ̀nà ni àbúrò ń sọ fún pé, "Bàbá àgbà wa ní ọkọ̀!" Inú mi ń dùn, orí mi ń wú, mo ń dáhùn ìkíni bí ìgbà tí mo ń lọ ìrun Ìléyá.

Nígbà tí a dé etí omi, mo so kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti ṣófo mọ́ àyà ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn, kó lè gbé wọn léfòó bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò wọ ọkọ̀ kankan, òun ò bá ẹja ṣọ̀rẹ́. Ó wá abẹ́ igi máńgòrò kan, ó dá iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun àgbàdo. Mo ní "Bisimilá," mo ti ọkọ̀ sómi, a wọlé.

Kí n má parọ́, ọjọ́ náà dùn. Níbẹ̀rẹ̀, àjẹ̀ ni mo fi ń wà á, tapólì kàn rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá, àbúrò sì ń bi mí bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Ìgbà tí a jìnnà sí bèbè díẹ̀ ni atẹ́gùn rọra dé. Tapólì náà wú gbì, ọkọ̀ sì ta gìrì bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Àwọn ọmọ hó yèè. Èmi náà hó, àgbàlagbà bíi tèmi! Mo jókòó sí ìdí ọkọ̀, mo fi ọwọ́ kan di okùn tapólì mú, mo fi àjẹ̀ tọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. A ń rí àwọn òkè àpáta lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn lékeléke ń fò níwájú wa. Ọmọbìnrin náà ò hó mọ́ nígbà tó yá. Ó yíjú sẹ́yìn, ọwọ́ mi ló ń wò, bí mo ṣe ń gbé àjẹ̀ sí ọ̀tún tí imú ọkọ̀ ń lọ sí òsì.

Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé èmi náà lè tukọ̀?"

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́. Ká ní mo lójú àánú ni, màá ti ní kó bọ́ síbí. Àmọ́ mo rò ó pé ọwọ́ mi ti bà á, nǹkan tó wù ú ni mo fi lè parí ẹ̀kọ́ mi. Mo ní, "Bí òsì rẹ ò bá ṣẹ̀ lónìí, ìwọ lo máa tukọ̀ wa padà sí bèbè nírọ̀lẹ́. Bó bá ṣẹ̀ pẹ́rẹ́n báyìí, ó parí."

Ó ní, "Kò ní ṣẹ̀." Ó ti òsì bọ abẹ́ itan lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ebi pa wá, a padà sí bèbè lọ jẹun. Ẹ ò bá rí ọmọ náà nídìí àgbàdo gbígbóná. Ó jókòó lé òsì, ó ń fi ọ̀tún nìkan di odidi àgbàdo mú, ó ń jó o lọ́wọ́, kò sì lè fi ọwọ́ kejì tì í. Ó bọ́ sílẹ̀, yanrìn bò ó. Ìyàwó mi ní, "Ọmọ, fi ọwọ́ méjèèjì mú un jàre." Ó mi orí pé rárá, ó ní òun fẹ́ tukọ̀. Ìyàwó mi wò mí títí. Mo ṣe bíi pé egungun ẹja wà lọ́fun mi, nígbà tó jẹ́ pé àgbàdo àti àgbọn la jẹ.

A tún wọ ọkọ̀ lẹ́yìn tí mo kírun. Mo ti pinnu pé tí a bá yí dé ibi tí òṣíbàtà pọ̀ sí, tí omi ò sì jìn, màá gbé àjẹ̀ fún un. Ó ti gbà á lọ́wọ́ mi lọ́kàn ẹ̀. Ojú ẹ̀ ń dán. Ó jókòó sáàárín, ó fi ọ̀tún gbá ọ̀pá ìgbòkun mú, òsì wà níbi tó wà látàárọ̀. Àbúrò jókòó síwájú ẹ̀. A dé àárín òṣíbàtà, òdòdó funfun pọ̀ lórí omi lọ súà. Àbúrò ní òun fẹ́ já ọ̀kan fún ìyá àgbà. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Kò tíì gbọ́ ọ tán tó fi yọ àyà sí etí ọkọ̀. Atẹ́gùn kan sì gbá tapólì láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ dà sí apá kan, ọmọ ré sómi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó ṣubú sí apá òsì ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kò jìnnà sí i ju kó na ọwọ́ lọ. Orí ẹ̀ yọ, ó la ẹnu, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èmi wà nídìí ọkọ̀, ọ̀pá àti tapólì wà láàárín wa, mi ò lè kàn án. Mo rí ọwọ́ òsì ọmọbìnrin náà. Ó yọ ọ́ lábẹ́ itan, ó nà án, ìka ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti àbúrò. Ó wá fà á padà. Ó fà á padà, ó tún jókòó lé e, ó wá ń já ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára ọ̀pá, ó ń yí gbogbo ara ẹ̀ bọ̀ kó lè fi ọ̀tún dé ibẹ̀. Kó tó yí dé, ọkọ̀ ti sún lọ, àbúrò ò sí níbẹ̀ mọ́. Okùn kẹ́ẹ̀gì ti yọ̀ wá sí ìbàdí ẹ̀, ó wá gbé ìdí ẹ̀ sókè, ó ti orí ẹ̀ sínú omi.

Mo ju àjẹ̀, mo ju okùn, mo bẹ́ sómi. Ọlọ́run ló yọ mí, omi ò kọjá àyà mi níbẹ̀, ẹrẹ̀ ló kàn ń fa ẹsẹ̀ mi. Mo fi ọwọ́ tí mo kọ́kọ́ rí gbá a mú, mo fà á sókè. Ó mu omi, ó húkọ́, ó pọ̀ ọ́, ó wá figbe ta. Mi ò tíì gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "Alihamudulilá," ni mo ń pè, "Alihamudulilá," mo gbé e sínú ọkọ̀, mo di etí ọkọ̀ mú, mo ń rìn nínú ẹrẹ̀, mo ń fà á bọ̀ ní bèbè.

Ọmọbìnrin náà ń sunkún láìpariwo. Ó ṣì jókòó lé ọwọ́ náà. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kó fọ́. Ó ní, "Bàbá àgbà, mo ń wá ọ̀tún. Mo fẹ́ fi ọ̀tún mú un."

Mo gbọ́. Omi ń ṣàn lára mi, mo sì ń wò ó pé ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí àbúrò ẹ̀ kú sínú omi nítorí kó má bàa bú u. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìyàwó mi ti sáré wọ omi dé orúnkún kó tó di pé a gúnlẹ̀. Ó gba àbúrò, ó bọ́ aṣọ ẹ̀, ó fi ìborùn wé e. Àbúrò sì ti rí ohùn padà. Ó ní, "Ó rí mi! Mo na ọwọ́ sí i, ó fẹ́ mú mi, ó tún wá fi mí sílẹ̀!"

Ìyàwó mi yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ìbínú, àmọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, ó le. "Kí ló dé tí o ò fa àbúrò rẹ? Àbúrò rẹ kan ṣoṣo! Ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?"

Ọmọ náà wò mí. Kò fẹ̀sùn kàn mí o. Ó kàn ń wò mí bí ọmọdé ṣe ń wo àgbà tó mọ ìdí ọ̀rọ̀, pé kó bá òun ṣàlàyé. Gbólóhùn kan péré ni. Mo lè sọ pé, "Èmi ni mo ní kó má na òsì." Kò wúwo. Ẹnu tí mo fi pariwo ọkọ̀ kiri ìlú ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Fi ọmọ sílẹ̀, ìyá àgbà. Ẹ̀rù ló bà á."

Astagifirulá. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó gbójú kúrò lára mi, ó ń wo ilẹ̀.

Kò sẹ́ni tó tukọ̀ padà sí bèbè lọ́jọ́ náà. Mo so ọkọ̀ mọ́ èèkàn, a wọ Márúwá padà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ àfi àbúrò. Látìgbà náà ló ti ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ojo. Ojo, bá mi gbé bọ́ọ̀lù. Ojo, ó kàn ẹ́ láti wẹ̀. Ẹnu èmi ló ti gbọ́ pé ẹ̀rù ló bà á, kí ló tún kù? Mo bá a wí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ìyàwó mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé eré ọmọdé ni. Ọmọbìnrin náà ò bá a jà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níṣojú mi pé bàbá àgbà òun ló fà á.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo rọra sọ fún un pé kó fi ọwọ́ tó bá wù ú jẹun. Ó ní, "Rárá, Bàbá àgbà. Mo ti mọ̀ ọ́n." Lóòótọ́, ó ti mọ̀ ọ́n. Ìrẹsì kì í dà nù mọ́. Ó ń fi ọ̀tún kàwé, ó ń fi ọ̀tún ya irun, ó ń fi ọ̀tún gbé omi. Ọ̀rẹ́ mi ará Lánlátẹ̀ tún yà nílé wa ní ọjọ́ tí ìyá wọn ti Ìbàdàn dé. Ọmọ náà gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ọ̀tún ló fi gbé e. Bàbá náà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Káfíńtà! O ti gé pákó náà gún! Ẹ̀kọ́ ilé lẹ̀kọ́." Ó ń rọ̀jò àdúrà lé mi lórí níwájú ọmọ mi, ìyá wọn. Ọmọ mi ń wo ọwọ́ ọ̀tún ọmọ ẹ̀, ó wá wo èmi. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa lọ. Mọ́tò ti dé, ìyàwó mi ń di gaàrí àti ẹ̀gúsí fún wọn níta, àwọn aládùúgbò ti jáde wá kí wọn pé ó dàbọ̀. Mo pe ọmọ mi wọlé. Mo tilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, mi ò sì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀." Mo wá sọ ọ́. Mo sọ ti ife omi, mo sọ ti jókòó-lé-e, mo sọ bí ọwọ́ náà ṣe jáde tó tún padà, mo sọ ohun tí mo sọ ní bèbè. Mo sọ pé kì í ṣe ojo. Mi ò lè wo ojú ẹ̀, ojú fèrèsé ni mo kọ sí.

Kò pariwo. Ó ti mọ̀ bí mo ṣe máa ń pariwo, kò jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, mo ti mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí lórí fóònù ìyá àgbà. Ó ń sunkún. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi, àmọ́ kí n ṣèlérí pé mi ò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun sọ."

Mo ní, "Nítorí kí ni? Ṣé ó rò pé màá bá òun jà ni?"

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ó ní ojú á tì yín."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ló ń bá mi bo àṣírí, tó ń jẹ́ ojo kiri ilé mi láti àárọ̀ dalẹ́ kí èmi lè máa jẹ́ àgbà. Èmi tí mo ní kò lẹ́kọ̀ọ́!

Níta, mo gbọ́ ohùn àbúrò. Ó ti wọ mọ́tò, ó ń kígbe, "Ojo! Ojo! Bọ́ sí mọ́tò ká máa lọ!" Mo gbọ́ tí àwọn kan nínú àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín sí i.

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jáde láìwọ bàtà. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é ní ojo mọ́! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó na ọwọ́ sí ẹ, ìwọ ọmọ yìí. Ìwọ tó ń pè é ní ojo, ó nà án, mo fi ojú mi rí i. Òsì ni. Èmi ni mo sọ fún un pé tó bá na òsì sí èèyàn, ó bú u. Òun ló ṣe fà á padà. Mo mọ̀ láti ojú omi, mo sì purọ́ mọ́ ọn." Ìyàwó mi dúró, gaàrí wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ la sílẹ̀. Àbúrò ń wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo rò pé orí ọmọbìnrin náà á yá. Mo rò pé ó máa wò mí bó ṣe wò mí ní bèbè, kí n lè rí ìfọkàntán yẹn gbà padà. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́tò láàárín gbogbo èèyàn tó ń wò mí, ó ń wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, omijé sì ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó rìn wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí àwọn yòókù má bàa gbọ́.

Ó ní, "Bàbá àgbà, ó tó. Ẹ má sọ ọ́ mọ́, wọ́n ń wò yín."